Ṣé dandan ni kí wáyà ẹ́ẹ̀tì kan àpótí irin fúnra rẹ̀, àbí èyí tí ó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ti tó?

Olùtúnléṣe kọ:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá oníná tí ẹ wà níhìn-ín. Mo ń pààrọ̀ àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì inú ilé kan tí ó ti pẹ́, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo ń ṣe dájúdájú kí n tó dá iná padà sí i. Àpótí irin ni wọ́n rì mọ́ ògiri ní gbogbo yàrá, kò sí ti ike kankan nínú wọn. Mo ti pa bírékà àgbà, mo sì ti fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí iná níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Nínú àpótí àkọ́kọ́ tí mo ṣí, kébù méjì ni ó wọlé: ọ̀kan ń gbé iná bọ̀ láti ojú pánẹ́ẹ̀lì, ibi tí àwọn bírékà wà, èkejì sì ń gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì ti kébù méjèèjì pọ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n sábẹ́ síkúrúù ẹ́ẹ̀tì tí ó wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò sí wáyà kankan tí ó lọ sára àpótí irin náà, bẹ́ẹ̀ ni mo rí ihò kékeré kan tí wọ́n ti la eyín síkúrúù sí ní ìdí àpótí náà, tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Nínú àpótí kejì, wọ́n ti gé wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrú, wọ́n sì ká a sẹ́yìn, kò kan nǹkan kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti súwíìṣì tí ojú rẹ̀ jẹ́ irin, kébù tí ó wọ ibẹ̀ kò tilẹ̀ ní wáyà ẹ́ẹ̀tì nínú rárá. Wáyà méjì péré ni mo rí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, níwọ̀n ìgbà tí wáyà ẹ́ẹ̀tì bá ti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí síkúrúù méjì sì di sọ́kẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àpótí, ṣé àpótí náà kò ti rí ẹ́ẹ̀tì gbà láti ibẹ̀? Bí kò bá tó, báwo ni ó ṣe yẹ kí n so ó? Àwọn ọmọdé yóò máa gbé inú ilé yìí, n kò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí yóò dára lójú ṣùgbọ́n tí ikú yóò fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Àgbà Oníná fèsì:

Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó dá iná padà. Dandan ni. Gbogbo irin tí wáyà oníná bá wà nínú rẹ̀, tí ọwọ́ ènìyàn sì lè kàn, ni ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ó dájú padà sí ojú pánẹ́ẹ̀lì, ọ̀nà tí kò gbára lé pé bóyá irin méjì fara kanra.

Orúkọ tí a ń pe wáyà yìí ni ó ń ṣi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lọ́nà. Nítorí pé ẹ́ẹ̀tì ni a ń pè é, a rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti da iná sínú ilẹ̀ bí ẹni da omi nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná tí ó ti inú tiransifọ́mà jáde, inú tiransifọ́mà náà ni ó ń wá ọ̀nà láti padà sí, yálà ó gba inú níútírà, wáyà tí ó ń gbé iná padà, tàbí inú wáyà ẹ́ẹ̀tì, tàbí inú ara ènìyàn. Iṣẹ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì ni láti jẹ́ ọ̀nà ìpadàbọ̀ tí ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí bírékà yóò fi rí i pé nǹkan ti bàjẹ́, tí yóò sì gé iná lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní etí àpótí irin bó awọ wáyà láìfù, èyí tí ó ń gbé iná bọ̀, díẹ̀díẹ̀ títí bàbà inú rẹ̀ fi hàn, tí bàbà náà sì kan àpótí. Bí àpótí bá so mọ́ wáyà ẹ́ẹ̀tì, tí ìdènà gbogbo ọ̀nà náà, láti tiransifọ́mà wá síbẹ̀ àti láti ibẹ̀ padà, kò ju ìdajì óòmù lọ (óòmù ni a fi ń wọn ìdènà, áḿpíà ni a fi ń wọn iná tí ń ṣàn), fóltì 230 yóò ti áḿpíà 460 gba ibẹ̀ kọjá. Bírékà irú B tí wọ́n kọ áḿpíà 32 sí lára máa ń já lójú ẹsẹ̀ bí ohun tí ó ń gba inú rẹ̀ bá dé ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po márùn-ún iye yẹn, èyí tí í ṣe áḿpíà 96 sí 160. Áḿpíà 460 ti kọjá ibẹ̀ jìnnà, nítorí náà iná yóò ti kú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àpótí náà.

Ṣùgbọ́n bí àpótí kò bá so mọ́ nǹkan kan, kò sí ibi tí iná yóò ṣàn sí. Bírékà yóò dúró bí ẹni tí kò rí ohunkóhun, àpótí náà yóò sì wà nínú ògiri pẹ̀lú fóltì 230 lára rẹ̀ lọ́jọ́, lóṣù, lọ́dún, títí ọwọ́ ẹnìkan yóò fi kàn án. Bí a bá ka ìdènà ara ènìyàn sí 1,000 óòmù, mílíáḿpíà 230 ni yóò gba ara onítọ̀hún kọjá. Ìyẹn pọ̀ tó láti da lílù ọkàn rú, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún áḿpíà 32 tí a kọ sára bírékà. Bírékà kò ní í mọ̀ pé ẹnìkan ń kú lọ.

Nípa bí a ṣe ń so ó, ẹ má ṣe fi wáyà ẹ́ẹ̀tì méjèèjì sábẹ́ síkúrúù sọ́kẹ́ẹ̀tì bí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gé wáyà ẹ́ẹ̀tì méjì tí ó kúrú, tí wọn kò tín-ín-rín ju ti inú kébù lọ. Ìrù ni èmi máa ń pe irú wáyà kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ó wọlé, èyí tí ó jáde, àti ìrù méjèèjì sínú kọ́nẹ́tọ̀ kan ṣoṣo, kí ìrù kan lọ sí ìdí àpótí, kí èkejì sì lọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí, bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ síkúrúù rẹ̀ ni wáyà méjèèjì ti pàdé, gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó wà níwájú ni yóò pàdánù ẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tí yóò fura, nítorí pé iná yóò ṣì máa tàn níbẹ̀ bí wọ́n bá kàn so láìfù àti níútírà pọ̀. Òfin iṣẹ́ iná ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní NEC, sọ ọ́ ní abala 250.148 pé yíyọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí gílóòbù kúrò kò gbọdọ̀ já ìsopọ̀ ẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ sí lábẹ́ òfin yẹn, ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò fún yín.

Ihò tí ẹ rí ní ìdí àpótí, torí iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ṣe dá a síbẹ̀. Síkúrúù tí eyín rẹ̀ bá ti ihò náà mu ni kí ẹ lò, kí eyín méjì ó kéré tán sì wọ inú irin. Bí irin àpótí bá tín-ín-rín jù, ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é lẹ́yìn. Ẹ má ṣe lo síkúrúù pákó tí ó ń fi ipá dá ọ̀nà fún ara rẹ̀, ẹ má sì ṣe fi wáyà náà sábẹ́ èyí tí ó di àpótí mọ́ ògiri, nítorí pé ẹni tí ó bá wá tún ògiri ṣe yóò tú u láìmọ̀ pé ẹ́ẹ̀tì ni òun tú. Bí ọ̀dà tàbí ìpẹtà bá wà ní ojú ibẹ̀, ẹ ha á títí irin yóò fi tàn. Mo ti rí i tí oníṣẹ́ fún síkúrúù le dáadáa, tí gbogbo rẹ̀ sì jókòó sórí ọ̀dà.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gé kúrú nínú àpótí kejì, ẹ má fà á, ó lè já sínú ògiri. Ẹ fi kọ́nẹ́tọ̀ tí a ń tẹ ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ so ìrù mọ́ ọn, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó yọ sóde yóò tó fún un.

Ti súwíìṣì ojú irin tí kò ní ẹ́ẹ̀tì ni ó ń já mi láyà jù. Ẹ má dá iná padà sí ọ̀nà yẹn ná. Ẹ parí àwọn yòókù, kí a tó padà sórí rẹ̀.

Oníṣẹ́ Ojoojúmọ́ fèsì:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àgbà tí ó ṣáájú mi sọ̀rọ̀, mo rò pé iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń so sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí irin, síkúrúù méjì tí ó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú ni mo sì máa ń gbára lé. Irin ni férémù ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin ni síkúrúù, irin ni àpótí. Bí ọ̀kan bá ní ẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ní in. Mo ti fi mítà wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ń fi hàn pé wọ́n so pọ̀.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti ní RCD nísinsìnyí, ẹ̀rọ tí ó ń gé iná nígbà tí iná bá ń jò. Mílíáḿpíà 30 péré ni ó nílò kí ó tó já. Bí àpótí bá gbé iná, RCD yóò gbọ́. Mo béèrè tọkàntọkàn: kí ni ìrù yìí tún fi kún un?

Olùyẹ̀wò fèsì:

Ìbéèrè tí ó yẹ ni ẹ béèrè, ọ̀gá, ohun tí ẹ sọ nípa síkúrúù kì í sì í ṣe irọ́. Àwọn ìgbà kan wà tí òfin gbà á. Ní Amẹ́ríkà, bí àpótí bá wà lójú ògiri gbangba, tí férémù irin sọ́kẹ́ẹ̀tì sì jókòó lé etí àpótí náà tààrà, wọ́n gbà pé ìfarakanra irin sí irin yẹn tó, bí wọ́n bá ti yọ ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn páálí kékeré tí ó ń di síkúrúù mú kí ó má bọ́ sílẹ̀. Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan sì wà tí wọ́n ti ṣe irin tí ó ń ta bí sípíríǹgì sí ìdí síkúrúù wọn nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Ní Bírítéènì, ohun tí wọ́n máa ń wò ni etí méjì tí síkúrúù ń wọ̀ lára àpótí: bí ọ̀kan nínú wọn bá dúró gbọin, wọ́n lè gbà pé síkúrúù ti so wọ́n pọ̀, bí méjèèjì bá ń yí sókè sódò, ìrù di ohun tí a kò lè yọ sílẹ̀.

Ẹ wo iye nǹkan tí ó gbọ́dọ̀ rí bí ó ti yẹ kí síkúrúù tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Nínú ilé tí ó ti pẹ́, àpótí máa ń wọ inú ògiri ju bí ó ti yẹ lọ nítorí pé wọ́n ti rẹ́ ògiri léraléra. Ojú ògiri ni etí sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń jókòó lé nígbà náà, kò ní í kan àpótí rárá, síkúrúù gígùn méjì nìkan ni yóò sì wà láàárín wọn. Páálí tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan lè ṣì wà nídìí wọn. Ìpẹtà lè ti wọ inú eyín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí a ti ń fi púlọ́ọ̀gì sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí a sì ń fà á yọ lójoojúmọ́, síkúrúù wọ̀nyẹn ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo yẹ ilé kan wò tí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n. Nígbà tí mo fi àtàǹpàkò ti ojú ọ̀kan nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí mítà ṣì wà lára rẹ̀, ìdènà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti àpótí fò láti ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù sí óòmù mẹ́jọ, nígbà tí mo sì ti ì sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ìsopọ̀ náà já pátápátá. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbàgbọ́ nínú ohun tí mítà bá sọ nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì dúró jẹ́ẹ́.

Ní ti RCD, ẹ jẹ́ kí a ronú lórí ohun tí ó ń gbọ́. Ó ń fi iná tí ó jáde wé èyí tí ó padà, ó sì ń já nígbà tí méjèèjì kò bá bá ara wọn dọ́gba. Bí àpótí tí kò ní ẹ́ẹ̀tì bá gbé iná, kò sí ohun tí ó ń jò, nítorí náà RCD kò ní ohun tí yóò gbọ́. Ìgbà tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án ni jíjò náà yóò bẹ̀rẹ̀, inú ara ẹni náà ni yóò sì gbà. Lóòótọ́, RCD tí ó dára yóò gé e kíákíá. Bí ohun tí ń jò bá di ìlọ́po márùn-ún mílíáḿpíà 30, kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Ó lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n iná yóò ti gbé onítọ̀hún ná, bí ó bá sì wà lórí àkàbà, ìṣubú yóò ṣe ohun tí iná kò ṣe. Nígbà tí àpótí bá ní ìrù, ìgbà tí wáyà bá kan irin ni iná yóò kú, kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn bá kàn án. RCD pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ní sípíríǹgì àti irin tí ń rìn nínú, ó lè le síbì kan, ìdí nìyí tí bọ́tìnì ìdánwò fi wà lójú rẹ̀. Wáyà bàbà tí a dè dáadáa kò ní ohun tí ń rìn nínú rẹ̀.

Oníṣẹ́ Ojoojúmọ́ fèsì:

Mo gbọ́, ẹ sì ṣeun. N kò ronú kan ọ̀rọ̀ àpótí tí ó wọ inú ògiri jù rí, bẹ́ẹ̀ ni mo ń bá a pàdé nígbà gbogbo. Màá padà lọ wo àwọn kan tí mo ti ṣe.

Olùtúnléṣe kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti fi ìrù sí àpótí mẹ́sàn-án láti àná. Mo na wáyà gígùn kan láti ibi tí gbogbo ẹ́ẹ̀tì ti pàdé nínú pánẹ́ẹ̀lì, mo sì wọn ìdènà láti ibẹ̀ dé ara àpótí kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kéré jù jẹ́ 0.11 óòmù, èyí tí ó jìnnà jù jẹ́ 0.26.

Ohun kan wá dẹ́rù bà mí. Nínú àpótí kẹwàá, kébù náà kò ní wáyà ẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta ni wọ́n fi síbẹ̀, mo sì bá wáyà kúkúrú kan tí ó ti ojú níútírà lọ sí ojú ẹ́ẹ̀tì lára sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Mo rántí pé kí n tó pa iná lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti fi tẹ́sítà oníná mẹ́ta tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì dán an wò, ó sì sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ dára. Ṣé tẹ́sítà náà ni ó bàjẹ́ ni?

Ẹnìkan sì gbà mí nímọ̀ràn pé fún èyí àti fún súwíìṣì ojú irin, kí n kan ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri, kí n sì fa wáyà láti ara àpótí lọ síbẹ̀. Ṣé ó bójú mu?

Àgbà Oníná fèsì:

Tẹ́sítà yín kò bàjẹ́. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé ó wo fóltì láàárín ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹnìkan bá ti so níútírà mọ́ ẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì, méjèèjì yóò rí bákan náà lójú rẹ̀. Ẹ yọ wáyà kúkúrú yẹn lónìí, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Nínú gbogbo ohun tí ẹ ti ròyìn níhìn-ín, òun ni ó burú jù. Ẹ fojú inú wò ó pé níútírà já níbìkan láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ìgbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ jẹ́ irin, iná yóò ti láìfù gba inú ẹ̀rọ náà dé ojú níútírà, kò ní í rí ọ̀nà padà, yóò gba orí wáyà kúkúrú yẹn bọ́ sójú ẹ́ẹ̀tì, yóò sì padà sára ẹ̀rọ náà. Gbogbo irin ara rẹ̀ yóò gbé fóltì 230, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́ nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ìbá sàn kí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà má ní ẹ́ẹ̀tì rárá ju kí ó ní irú ẹ́ẹ̀tì èké yìí lọ.

Ọ̀pá irin tí wọ́n ní kí ẹ kàn mọ́lẹ̀, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú. Ká ní ilẹ̀ ibẹ̀ dára tí ìdènà ọ̀pá náà kò ju óòmù 25 lọ. Fóltì 230 tí a pín sí 25 jẹ́ áḿpíà 9.2. Bírékà áḿpíà 32 kò ní í mira fún ìyẹn, kódà èyí tí ó jẹ́ áḿpíà 10 kò ní í já. Àpótí yóò máa gbé iná lọ, ilẹ̀ àyíká ọ̀pá náà pàápàá yóò di ewu fún ẹni tí ó bá ń rìn níbẹ̀. Ọ̀pá ilẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ìdí pánẹ́ẹ̀lì, nítorí mànàmáná òjò àti kí fóltì gbogbo ètò náà má bàa ṣí kúrò ní ìwọ̀n rẹ̀. Àwọn ilé kan sì wà tí ọ̀pá tiwọn nìkan ni ọ̀nà ìpadàbọ̀ wọn, irú wọn kò sì gbọdọ̀ wà láìní RCD, nítorí ìdí tí ìṣirò yìí fi hàn. Ọ̀pá kò lè dípò wáyà tí ó so àpótí padà mọ́ pánẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí. Kí ẹ tó pinnu, ẹ wò ó bóyá inú páìpù irin ni wáyà méjì náà gbà wá. Ní ilé àtijọ́, páìpù irin fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń lò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá ṣì so dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí nọ́ọ̀tì tí ó dì í mọ́ àpótí kò dẹ̀, àpótí yín lè ti ní ẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kébù tuntun tí ó ní wáyà ẹ́ẹ̀tì ni ó dára jù, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é nísinsìnyí tí ẹ ti tú ilé náà sílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe láti fa kébù tuntun, ẹ lè fa wáyà ẹ́ẹ̀tì nìkan láti pánẹ́ẹ̀lì dé ibẹ̀.

Bí ìyẹn náà kò bá ṣeé ṣe fún sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà tí òfin Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ni kí a fi GFCI ṣọ́ ọ, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti RCD, kí a sì lẹ ìwé mọ́ ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà tí yóò sọ pé kò ní ẹ́ẹ̀tì, kí ẹni tí ó ń lò ó má bàa tan ara rẹ̀ jẹ. Ìyẹn kì í sọ sọ́kẹ́ẹ̀tì di èyí tí ó ní ẹ́ẹ̀tì.

Súwíìṣì ojú irin ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ bí ẹ kò bá rí wáyà ẹ́ẹ̀tì fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣáájú ọdún 1966, ọ̀pọ̀ ilé ní Bírítéènì ni wọn kò fi wáyà ẹ́ẹ̀tì sí ọ̀nà gílóòbù, ohun tí wọ́n sì máa ń ṣe sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni pé kí gbogbo ohun tí ọwọ́ lè kàn níbẹ̀ jẹ́ ike: ojú súwíìṣì, àti orí síkúrúù pàápàá. Ẹ má gbàgbé orí síkúrúù. Inú àpótí irin ni ìdí rẹ̀ wà, òde ni orí rẹ̀ wà. Bí àpótí bá gbé iná, orí síkúrúù ni ìka ọmọdé yóò kọ́kọ́ kàn. Bí ẹ bá fi àpótí ike rọ́pò ti irin, ọkàn yín yóò balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùyẹ̀wò fèsì:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un nípa iye tí ẹ wọ̀n, nítorí pé iye lásán kò wúlò bí a kò bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́. Wáyà bàbà tí ó jẹ́ mílímítà onígun mẹ́rin 1.5 ní ìdènà 0.0121 óòmù fún mítà kan ní ìgbóná ìwọ̀n 20 °C, èyí tí ó jẹ́ 2.5 sì ní 0.0074. Bí ọ̀nà láti pánẹ́ẹ̀lì dé àpótí tí ó jìnnà jù bá jẹ́ mítà 20, tí wáyà ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ 1.5, a retí nǹkan bí 0.24. Iye 0.26 tí ẹ rí bá a mu, bí ẹ bá ti yọ ìdènà wáyà gígùn tí ẹ fi wọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ fi ẹnu méjèèjì mítà kan ara wọn pẹ̀lú wáyà gígùn náà láàárín wọn, kí ẹ kọ iye tí ó bá fi hàn, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo iye yòókù. Bí àpótí kan bá fi óòmù kan hàn nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ fi 0.2 hàn, ìsopọ̀ kan ti dẹ̀ láàárín wọn. Ẹ wá a rí.

Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé iná tí mítà kékeré fi ń wọn ìdènà kéré gan-an. Wáyà tí ó ti já títí ó fi ku ìrun kan ṣoṣo lè dára lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tí àwa olùyẹ̀wò ń lò fi gbọ́dọ̀ ti mílíáḿpíà 200 ó kéré tán gba inú wáyà náà nígbà tí ó bá ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ yá, ẹ yá a, kí ẹ sì mi sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó wà lára rẹ̀.

Bákan náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àpótí tí ó kù, ẹ fi mítà kan ibi tí ẹ mọ̀ dájú pé iná wà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan ibi tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́, kí ẹ sì tún padà fi kan ibi tí iná wà. Mítà tí bátìrì rẹ̀ ti kú máa ń sọ pé kò sí iná níbi gbogbo.

Olùtúnléṣe kọ:

Mo ti yọ wáyà kúkúrú náà. Mo yọ ìdènà wáyà gígùn kúrò, àpótí tí ó jìnnà jù sì wá di 0.22. Kò sí páìpù irin lẹ́yìn súwíìṣì yẹn, inú ògiri lásán ni kébù náà gbà, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà fún kébù tuntun láti orí àjà wá síbẹ̀ àti sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kẹwàá. Títí n ó fi parí rẹ̀, mo ti yọ wáyà ọ̀nà méjèèjì kúrò lára bírékà wọn, mo sì ti fi ike bo ẹnu wọn nínú pánẹ́ẹ̀lì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣèèṣì tan án.